Wàrà Tó Kù Nínú Fìríìjì

Tantí Sikírátù,

Mustaqeem oníwàrà wá láàárọ̀ yìí, ó ní ká má mu wàrà àná. Kúlíkúlí tó ti bu ni màlúù rẹ̀ jẹ, májèlé rẹ̀ sì wà nínú wàrà náà. Bí a tilẹ̀ sè é, kò ní lọ.

Mo ní, "A ti pò ó mọ́ jéró ṣe dẹ̀gẹ̀ jẹ, Tantí ti lá abọ́." Ó káwọ́ lérí.

Mo dùbúlẹ̀, mo káwọ́ lé àyà bí àwọn obìnrin inú ìwé, mo ń dúró de ikú. Ebi ló dé. Mo ti jẹ ìrẹsì yín.

Ẹ da èyí tó kù nù. Mo ti tẹ̀ lé Mustaqeem lọ kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní àdúgbò Treichville.

Ẹ máa ń sọ pé ẹni tó ń fẹnu ara rẹ̀ ba ọjà rẹ̀ jẹ́ kò lè bọ́ ìyàwó. Òun ni mo máa fẹ́, kì í ṣe òṣìṣẹ́ báǹkì tí ẹ fẹ́ kí n fẹ́.

Fadeelah