Bàbá Yín Gbé Ọ̀pá Ìjọ Lé Jonah Lọ́wọ́

Ṣèyíọlá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Àbújá? Olúwa tó ń ṣọ́ wa ní Ìpele níbí kò ní fojú fo ilé rẹ. Ewúrẹ́ wa ti bímọ, ìbejì ni.

Ọ̀rọ̀ ìjọ ló jẹ́ kí n kọ̀wé. O mọ̀ pé ipò Bàbá Ìjọ ṣófo, gbogbo èèyàn sì ní bàbá yín ló tọ́ sí. Nígbà tí wọ́n ń bá wa du ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá yín ni ọlọ́pàá tì mọ́lé tí wọn kò sẹ́ ìjọ, ṣùgbọ́n Jonah káfíńtà ní òun kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó padà wá tẹkúntẹkún, láti ìgbà náà ló sì ti ń ti ilé dé ilé bẹ àwọn tó kọ ìjọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ti kó padà.

Lọ́jọ́ ìpàdé, àlùfáà àgbà bá wa sọ̀rọ̀ láti inú fóònù. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní kí wọ́n jáde wá mu omi, ibi tí wọ́n há sí kéré jù. Àwọn ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín, n kò mọ ìdí. Bí wọ́n ṣe ní Jonah ni àwọn yàn báyìí, ohùn wọn dákẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ní Nẹ́tíwọ̀kì ti gbé wọn lọ. N kò mọ ọmọ ẹni tí Nẹ́tíwọ̀kì í ṣe, ṣùgbọ́n ó gbọ́n, torí mo ti fi gèlè gbàjá.

Ariwo ta. Wọ́n ní ìrẹ́jẹ nìyí, ẹni tó dúró kò rí nǹkan gbà, ẹni tó sá ló gbadé. Ni bàbá yín bá dìde. Wọ́n ní Jòhánù ló dúró lẹ́bàá àgbélébùú, Pétérù tó sẹ́ Olúwa ni a sì fi agbo lé lọ́wọ́, Jòhánù kò torí ẹ̀ lọ dá ṣọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní òṣùwọ̀n gààrí kọ́ ni Ọlọ́run fi ń wọn oore, pé ẹni tó ti ṣubú rí ló mọ ibi tí a ti ń di ẹni tó ṣubú mú. Wọ́n gbé ọ̀pá Bàbá Ìjọ kúrò lórí tábìlì, wọ́n fi lé Jonah lọ́wọ́. Jonah dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún, bàbá yín fà á dìde. Ṣọ́ọ̀ṣì mì tìtì! Mo jó títí orúnkún tó ń dùn mí fi gbàgbé pé òun ń dùn mí. Ipò wo ló lè fún mi ní irú ayọ̀ tí mo rí lára ọkọ mi lọ́jọ́ náà?

Àwọn méjèèjì ló jọ ń bẹ àwọn èèyàn wò báyìí, títí dé Ùsò, bàtà bàbá yín sì ti lu. Jọ̀ọ́, fi owó bàtà ránṣẹ́. Má rán an sínú fóònù o, ojú rẹ̀ ti sán, kí owó má baà jò dànù. Bàbá yín ní kí o fi ti Jonah kún un.

Ilẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ níbẹ̀ yóò gbà yín. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Zipporah