Ọkọ̀ Wa Tó Wà Lábẹ́ Omi

Ẹ̀bá Adágún Bunyonyi,
Kabale.

Bashemera, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ara ṣe rí ní ilẹ̀ gbígbẹ Karamoja yẹn? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ojú egbò náà sì ti san. Àwa níbí wà dáadáa. Òtútù ń mú, ìkùukùu kì í kúrò lójú omi títí oòrùn á fi ga, àwọn ọmọ mi sì ń jẹ ọ̀dùnkún bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ti ẹsẹ̀ òsì tí wọ́n gé lẹ́yìn tí ọkọ̀ akẹ́rù yẹn dojú dé, mo ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, mo sì ti sunkún rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni ìparí lẹ́tà náà, níbi tí o ti ní kí n la ọkọ̀ ọpọ́n wa fún igi ìdáná, pé eré ti parí fún ọ. Bashemera, inú bí mi. Mo jáde lọ bá àwọn ewúrẹ́ jà láìnídìí.

Ṣé o rántí bí a ṣe ní ọkọ̀ yẹn? Bàbá Rwabutara agbẹ́kọ̀ ló gbẹ́ ẹ fún wa, torí wọ́n sọ pé ọmọbìnrin méjì tí kò yéé jí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ gbé, ó sàn kí wọ́n ní tiwọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a kàn ń yí po lójú kan bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin erékùṣù sì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwọ níwájú lórí eékún, èmi lẹ́yìn. Ẹnu lo fi ń tukọ̀ ju ọwọ́ lọ: "Kyobutungi, ṣé ò ń tukọ̀ ni àbí ò ń ro ọbẹ̀?" Àwa náà la wá fi gbogbo wọn sẹ́yìn nínú ìdíje ọjọ́ kejì Kérésìmesì, tí wọ́n fún wa ní òbúkọ. Àárín adágún ni òbúkọ náà ti dìde, ó fẹ́ dà wá nù, ni o bá jókòó lé e lórí títí a fi gúnlẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ńkọ́? À á bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì sórí koríko, à á bẹ́ sómi láti orí àpáta, à á sun edé jẹ nígbà tí ara wa bá ń gbẹ. Kò pẹ́ tí Ìyá rẹ á fi yọ pẹ̀lú pàṣán, wọ́n á ní omi yẹn kò nísàlẹ̀. Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí gan-an.

Nígbà tí iṣẹ́ olùkọ́ gbé ọ lọ, a kó òkúta sínú ọkọ̀ náà, a rì í sáàárín koríko etí omi kí oòrùn má bàa là á, bí a ti í ṣe fún ọkọ̀ ẹni tó lọ sí ìrìn àjò. O mọ̀ pé àwọn méjì tó rì í ló gbọ́dọ̀ gbé e. Bí ọ̀kan bá sì ti ní òun kò ṣe mọ́, àáké ló kù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti bẹ̀ mí fún àyè iwájú yẹn, títí kan Ainembabazi ọmọ mi. Mi ò gbà. Bàbá Rwabutara sì ti ń kìlọ̀ pé ọkọ̀ tó bá pẹ́ jù lábẹ́ omi a máa gbàgbé bí wọ́n ṣe ń léfòó.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún Ìyá rẹ. Mo rò pé inú wọn á dùn, torí wọn kò fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn rí. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n bi mí pé, "Ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi ń tukọ̀ ni?"

Mo ní rárá.

"Kí ló wá ń ṣe ọmọ yẹn?"

Ni wọ́n bá mú ọ̀pá wọn, ó di etí omi. Wọ́n ní ìyá tó bí ọ làwọn, ọwọ́ àwọn tó ọwọ́ rẹ. Àwa méjèèjì la kó àwọn òkúta náà kúrò, omi sì mu Ìyá rẹ dé àyà. A mi ọkọ̀ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, omi inú rẹ̀ ń dà síta díẹ̀díẹ̀. Ó dúdú, ó ń yọ̀, ó sì wúwo ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ẹ̀rù bà mí pé ó ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó léfòó, Bashemera. Ó léfòó.

Mo rò pé ó tán nìyẹn. Àfi bí Ìyá rẹ ṣe wọlé síwájú, sí àyè rẹ, tí wọ́n gba àjẹ̀ ìtukọ̀ lọ́wọ́ mi. A yí po títí òòyì fi ń kọ́ mi, gbogbo ará etí omi ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ sí i pé èmi ni mo wà láyè rẹ̀ báyìí, mi ò sì mọ̀ ọ́n tù. Kó wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Mo ti fi orúkọ wa sílẹ̀ fún ìdíje Kérésìmesì yìí, tìrẹ àti tèmi. Bí o kò bá wá, Ìyá rẹ ló máa jókòó síbẹ̀, o sì mọ̀ pé wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Mi ò lè dá wọn lẹ́kun. Ìwọ nìkan lo lè ṣe é.

Kí Ọlọ́run tó yọ ọ́ lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù yẹn fún ọ lókun. Kó ṣọ́ ọ lọ́nà, kó mú ọ gun òkè wa yìí, kó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sétí omi wa láyọ̀.

Èmi ni ẹni tó máa ń jókòó sẹ́yìn rẹ,
Kyobutungi.

Àfikún: Ìyá rẹ lọ sílé Bàbá Rwabutara láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kí Bàbá gbẹ́ àjẹ̀ tuntun, kó yàtọ̀ sí èyí tí a ń lò lórí eékún, torí ẹni tó máa jókòó ló máa lò ó. Mo bi wọ́n bóyá tiwọn ni. Wọ́n ní kí n fi àwọn sílẹ̀. Nígbà tó parí ní ìrọ̀lẹ́, yàrá rẹ ni wọ́n gbé e sí.