Inú Ọkọ̀ Ti Di Tèmi, Ara Rẹ̀ Ṣì Jẹ́ Tiyín

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìrora orúnkún. Mo kí Màmá mi, tó dá mi lójú pé àwọn ló ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ẹ ṣeun, Màmá, ẹ má fo ibì kankan. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ṣọlá àti ọkọ wọn. Mo kí àbúrò mi Bánkẹ́, kó sì rántí pé bàtà mi tó wọ̀ lọ síbi ìkómọ lọ́jọ́sí ṣì jẹ́ bàtà mi.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti rí ohun tó yẹ kó wà nínú àpò ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí yín lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ní ẹ kò rí i. Mo pè yín lórí fóònù, ẹ ní ẹ kò gbọ́ ohun tí mo ń sọ, lẹ́yìn náà ni ẹ bi mí bóyá mo ti rí ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́. Mo wá rántí pé ẹ kì í fo ojú ewé kankan nínú ìwé ìròyìn yìí, pàápàá ìkéde òkú. Mo ti bẹ olóòtú kó fi lẹ́tà mi sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Àwọn tó bá lọ sókè òkun máa ń kọ̀wé sílé nípa yìnyín. Èmi lọ sí Pobè, ní òdìkejì ẹnubodè. Ọyẹ́ tó bó mi létè níbí, òun náà ló bó yín létè ní Ìlaròó, bóyá ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Síbẹ̀, mo wà lẹ́yìn odi. Bí mo bá dé ọ́fíìsì, Faransé ni wọ́n ń sọ sí mi. Bí mo bá dé ìsọ̀ irin, Gùn ni. Bí mo bá wá bọ́ sáàárín àwọn tó ń sọ Ànàgó, tí mo rò pé mo ti délé, wọ́n á ní Yorùbá mi dà bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn nínú rédíò, wọ́n á sì dákẹ́ kí n lè ka èyí tó kù. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń gùn jù. Ní ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń pe orúkọ mi títí Ìyá Ahoyéyé, onílé mi, á fi kígbe pé mo tún da omi sí ẹnu ọ̀nà.

Iṣẹ́ ń lọ. Àtúnṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo pupa ni mò ń ṣe. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ nípa ẹ̀rọ ní polí: ẹ̀rọ tó ń sáré, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan tutù. Èyí tí mo rí ni ẹ̀rọ tó ń yọ̀. Owó ibẹ̀ tó yàrá, ó tó gàrí, kò tó ọkọ̀. Bí mo ṣe rántí pé a ní ọkọ̀ nìyẹn.

Ẹ kò sọ púpọ̀ fún wa rí nípa báṣé, ọkọ̀ akérò yín àtijọ́. A mọ̀ pé ẹ fi ń ná ọ̀nà Sakété sí Pobè nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ọ́, pé ó ní tapólì lẹ́yìn, pé èrò máa ń jókòó dojú kọ ara wọn nínú rẹ̀ pẹ̀lú adìyẹ àti àpò àgbàdo. A sì mọ̀ pé ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín kan ní Sakété. Ibẹ̀ ni ìtàn náà máa ń parí sí, ẹ ó sì ní kí wọ́n bu omi wá. Mo lọ wò ó. Ó wà níbẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò, nínú àgbàlá Bàbá Àsàní, táyà rẹ̀ ti wọlẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ti rí ibi jókòó.

Bàbá Àsàní wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní imú yín ni mo gbé sójú, wọ́n sì bá mi kẹ́dùn. Mo ní mo fẹ́ tún ọkọ̀ náà ṣe. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo ní bó bá ti ń ṣiṣẹ́ mo fẹ́ gbé e lọ fún ẹni tó ni ín. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ka ìyẹn sí bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹni tó ń bọ́ ilé náà báyìí ni ọmọ wọn obìnrin, Antí Rẹ̀mí, onídìrí. Ibi tí ọkọ̀ yín wà gan-an ló fẹ́ kọ́ ìsọ̀ irun sí. Ó ti gbá èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀ yí i ká, bí ẹni tó so ewúrẹ́. Ó sọ fún mi pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí ọkọ̀ náà bá ṣì wà láàárín èèkàn òun, òun á pe àwọn tó ń ra irin àjákù kí wọ́n wá gé e. Ó ní ọkọ̀ náà ti pẹ́ nílé yìí ju òun lọ, kò sì tíì fọ abọ́ rí.

Gbogbo ọkọ̀ náà kọ́ ni mo lágbára láti tún ṣe. Mo ní inú ẹnjìnnì nìkan ni màá dojú kọ. Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ará ibí ń pè ní kapó, adìyẹ kan ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó ti yé ẹyin mẹ́fà síbi tí bátìrì yẹ kó wà. Eku ti jẹ wáyà tán. Gíríìsì àti erùpẹ̀ pupa ti lẹ̀ pọ̀, ó nípọn, ó sì le, mo fi ọ̀bẹ gé e bí èbà àná. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ yín: agolo tòmátò tí ẹ ká mọ́ páìpù omi, tí ẹ fi wáyà so ní kókó mẹ́ta. Mo tú u, mo jù ú sínú igbó. Ẹ fi ọkàn sí agolo yẹn, ó ṣì ń bọ̀.

Kò sí owó gáréèjì, nítorí náà ilé ni gáréèjì. Ní ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, mo ń tú ohun tí mo bá lè gbé ní Sakété, mo sì ń gbé e wá sí yàrá mi ní Pobè láti fọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ tí mo gbé ràdíétọ̀, ọlọ́kadà ní èrò méjì ni òun gbé, owó méjì ni òun máa gbà. Mo ní ràdíétọ̀ kì í ṣe èrò. Ó ní kó sọ̀kalẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ rìn nígbà náà. Mo san án. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín méjì ni mo ní, ọ̀kan tuntun, ọ̀kan àlòkù. Ẹnjìnnì gba tuntun, nítorí ìdọ̀tí tirẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ.

Ìyá Ahoyéyé ń se ọṣẹ dúdú tà. Wọ́n máa ń sun ìdì ẹyìn tí wọ́n ti gbọn tán, wọ́n á fi omi sẹ́ eérú rẹ̀, omi yẹn ló ń di ọṣẹ. Mo tọrọ díẹ̀ nínú omi náà, mo fi fọ irin kan, gíríìsì tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún sì ṣí kúrò lára rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé nílé. Inú mi dùn. Mo bu garawa kan kún, mo sì rẹ kábúrétọ̀ sínú rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Kábúrétọ̀ ni ó ń po epo mọ́ atẹ́gùn kó tó wọnú ẹnjìnnì. Àlùmíníọ̀mù sì ni. Nígbà tí mo padà dé ìdí rẹ̀, omi náà ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo yọ jáde dúdú, ó sì ní ihò bí àkàrà. Ìyá Ahoyéyé dúró lórí mi, wọ́n bi mí pé ta ní ń bu omi eérú sínú nǹkan àlùmíníọ̀mù. Wọ́n ní ọmọ ọdún méje nílé àwọn mọ̀ pé ìkòkò irin tàbí ti amọ̀ ni. Wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n wá kọ́ mi ní polí. Òótọ́ ni pé wọ́n kọ́ wa níbẹ̀. Mo tilẹ̀ gba máàkì tó dára nínú rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ pé nínú ìwé, kò sí ẹni tó pè é ní omi eérú.

Mo rí kábúrétọ̀ mìíràn gbà lára ọkọ̀ kan tó ti kú ní Pobè. Kò bá ihò ẹnjìnnì mu. Mo gé irin pẹlẹbẹ kan sáàárín wọn, wọ́n sì ń bá ara wọn gbé báyìí. Ọ̀dà ni ó kù. Ìjọ aláṣọ funfun tó wà lẹ́yìnkùlé wa ní ẹ̀rọ tó ń fa omi, ó bàjẹ́, mo tún un ṣe, wọ́n sì fún mi ní ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kun ògiri wọn. Mo kun gbogbo inú ẹnjìnnì. Ó mọ́ débi pé ẹni tó bá ṣí kapó náà á kọ́kọ́ ronú nípa bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní Sátidé mẹ́ta sẹ́yìn, mo da epo sí i, mo so bátìrì tí mo yá mọ́ ọn, mo sì na ọwọ́ gba ojú fèrèsé yí kọ́kọ́rọ́. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó pọ èéfín dúdú, ó sì dìde. Adìyẹ sá. Oníbàárà Antí Rẹ̀mí kan sá jáde pẹ̀lú irun ìdajì orí. Bàbá Àsàní dìde lórí ìjókòó wọn, wọ́n rọra rìn wá, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iwájú ní ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n wọlé, wọ́n sì pa á dé. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo iwájú. Mo rò pé ó yẹ kí n bá wọn jókòó, mo sì bọ́ sídìí ọkọ̀, síbi tí awakọ̀ ń jókòó. Wọ́n ní kí n sọ̀kalẹ̀, pé ìjókòó yẹn ní ẹni tó ni ín.

Mo pa ẹnjìnnì. Mo ní ẹni tó ni ín ni mo fẹ́ gbé e lọ fún. Wọ́n ní kí n ṣí kapó kí àwọn wò. Wọ́n wo ọ̀dà, wọ́n wo wáyà, wọ́n bi mí pé agolo tòmátò dà. Mo ní mo ti sọ ọ́ nù. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ohun tí wọ́n bá fi síkàáwọ́ ènìyàn, ọwọ́ tó gbé e kalẹ̀ ló ń gbé e. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé bàbá àwọn nìyẹn. Wọ́n ní inú ọkọ̀ yìí, àwọn kò mọ̀ ọ́n rí, èmi ni mo ṣe é, tèmi ni, kí n máa gbé e lọ nígbà tó bá wù mí. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn, ara rẹ̀ kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi bí Jímọ̀ bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Jímọ̀. Mi ò gbọ́ ọ rí.

Báyìí ni mo ṣe di ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn díẹ̀ láyé tó ní inú ọkọ̀ láìní ọkọ̀.

Antí Rẹ̀mí ló sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì sọ èyí tí ẹ kò sọ. Ó ní bàbá òun kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín lásán. Apàrántì yín ni. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi dúró sẹ́yìn báṣé náà, tí wọ́n ń pe èrò, tí wọ́n ń jẹ erùpẹ̀ Sakété àti ti Pobè. Ọjọ́ tí ìròyìn dé pé Bàbá Àgbà kú ní Ìlaròó, ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Ẹ ní bí ẹ bá ti sìnkú tán tí ẹ padà dé, Àsàní ti kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, iwájú ni yóò máa jókòó. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nìyí. Ó ní ọ̀sán gbogbo ni wọ́n ń jókòó sí iwájú ọkọ̀ yẹn, lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọn kò jókòó sídìí ọkọ̀ rí, kódà nígbà tí òjò bá ń jò sí ọ̀tún.

Bàbá mi, mi ò kọ̀wé láti bá yín ṣẹjọ́. Láti ilé yín dé Sakété kò jìn tó Abẹ́òkúta, ẹ sì lọ sí Abẹ́òkúta lóṣù tó kọjá nítorí àgùntàn. Ẹ ní orúnkún ni. Ọ̀tún ló ń dùn yín. Ọ̀tún ló ń tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ náà kò sì tíì ní bíréèkì. Ẹ kò ní lò ó. A kò ní jáde ní àgbàlá. Mo ti wọn ọ̀nà náà: láti abẹ́ máńgòrò dé ẹ̀gbẹ́ kànga, ogún ìṣísẹ̀ ni. Bí ọkọ̀ bá ti dé ibẹ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ èèkàn, àwọn tó ń ra irin àjákù á sì máa bá tiwọn lọ. Màá fi òkúta dá táyà dúró. Mo kàn nílò ẹni tí Bàbá Àsàní á gbà kó jókòó sídìí ọkọ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Mo sáré lọ sí Sakété. Antí Rẹ̀mí ń dirun, kò gbójú sókè. Ó ní òjò yẹn kò tó nǹkan, pé òjò kejì ni òun ní lọ́kàn látilẹ̀wá.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àtẹni tó jókòó àtẹni tó wà lóko. Ọlọ́run á fi ọjọ́ kún ọjọ́ Màmá mi. Á dá ẹ̀yin àti Bàbá Àsàní sí títí ẹ ó fi rí ojú ara yín. Á sì fi agbára sí orúnkún yín; bí kò bá pọ̀, kó ṣáà tó ogún ìṣísẹ̀. Agolo tòmátò náà, mo ti padà lọ wá a nínú igbó, mo sì ti ká a mọ́ páìpù. Kókó mẹ́ta ni mo so ó.

Èmi ni ọmọ yín tó ni ẹnjìnnì,
Káyọ̀dé, ní Pobè.