Kò Sí Ilé Kankan Lẹ́yìn Odò

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ o. Ìwé ètò ìlú — ibi tí ilé máa wà, ibi tí ọjà máa wà, ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́ nǹkan kan sí — èyí tí a ṣe lọ́dún méjìdínlógún sẹ́yìn ti gbó. A fẹ́ ṣe tuntun tí ìlú máa lò fún ogún ọdún. Tẹ̀lé-Ìlà pè wá jọ. (Ọ̀gá wa ni. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́tàlá jù ú lọ, àmọ́ tó bá wọlé, èmi ni mo ń dìde.) Ó ní kí n kó àwọn fáìlì àtijọ́ jáde, pé ta ló tún mọ ìlú yìí bíi Baba Máàpù? Gbogbo wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú mi ò dùn, mi ò sì fẹ́ wádìí ohun tó fà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Irọ́ ni. Mo mọ ohun tó fà á.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Jẹ́ kí n kọ ọ́, bóyá àyà mi á fúyẹ́. Nígbà ètò àkọ́kọ́, àwa akọ̀wé kékeré ni wọ́n pín àdúgbò fún láti lọ ka ilé, ojúlé sí ojúlé. Oníwèé mẹ́wàá bíi tèmi, kí ni wọn ì bá tún fún mi ṣe? Ẹ̀yìn odò bọ́ sọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni. Òjò ń rọ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀run ya, omi ti bo pákó tí wọ́n fi ń sọdá. Mo dúró létí odò lábẹ́ agbòjò. Mo rí òrùlé páànù lódì kejì. Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì. Èéfín ń jáde lára ọ̀kan. Mo ní màá padà wá lọ́la. Ọ̀la dé, ọ̀gá ìgbà yẹn ń pariwo fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù. Mo kọ ọ́ síbẹ̀: "Kò sí ilé kankan." Mo buwọ́ lù ú.

Ǹ bá ní òjò ni. Àmọ́ òjò dá lọ́jọ́ kejì. Kí ni mo rí wí nípa ọjọ́ kejì?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo sọdá lónìí. Tẹ̀lé-Ìlà ló rán mi. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ adágún ńlá kan síbẹ̀, tí omi òjò gbogbo ìlú á máa rọ́ sí, kí omi yé kún àárín ìlú. Ó ní kí n lọ ka ilé tó bá wà níbẹ̀.

Mẹ́tàlélógójì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí omi ẹ̀rọ, kò sí iná títì, kò sí gọ́tà. Ta ló máa la gọ́tà síbi tí kò sí ilé kankan? Afárá tí mo gbà kọjá, àwọn ará ibẹ̀ ló fi ọwọ́ ara wọn kàn án.

Obìnrin aránṣọ kan gbé àga fún mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó dáadáa, àga yẹn ò ní bù yín jẹ." Ó ní èmi ni ẹni káńsù àkọ́kọ́ tó máa sọdá wá kà wọ́n. Ó ní ẹ ṣeun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Mo kàn ń wo bàtà mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Lọ́yà káńsù wá — Kọ́mà, nítorí kò lè sọ gbólóhùn kan kó má dúró nínú rẹ̀ nígbà mẹ́fà. Ó ṣí fáìlì àtijọ́. Ó nàka sí fọ́ọ̀mù ẹ̀yìn odò. Òfin rẹ̀ rèé: ẹni tó ti kọ́lé kí ètò tó jáde, a ò lè lé e. Ẹni tó kọ́lé lẹ́yìn ètò, arúfin ni, yóò kó ẹrù ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ òfo. Lọ́dún náà lọ́hùn-ún, kò sí ilé kankan. Nítorí náà, arúfin ni gbogbo wọn.

Wọn ò wo ẹni tó buwọ́ lù ú. Èmi wò ó. Ọwọ́ mi dúró ṣánṣán nígbà yẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mi ò tíì sọ nǹkan kan. Mo dá fáìlì náà padà sí àyè rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo sọ fún Adájọ́. (Ìyàwó mi. Ta ló tún lè jẹ́ orúkọ yẹn nílé yìí?) Aṣọ ló ń lọ̀. Kò gbójú sókè. "Ọdún méjìdínlógún lo fi gbé irọ́ pamọ́ sínú ilé mi, mi ò sì gbóòórùn ẹ̀?" Ó tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi bí ẹni pé ọrùn mi wà nínú rẹ̀.

Mo ní tí wọ́n bá lé mi níbi iṣẹ́ ńkọ́?

"Tí wọ́n bá lé ẹ, ìwọ nìkan ni wọ́n lé. Ilé mélòó lo ní o kà?"

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo wọlé tọ Tẹ̀lé-Ìlà lọ, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn. "Ẹ̀gbọ́n, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí gbogbo ìlú wá gbọ́ ètò yìí. Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu yín. Ṣé ẹ gbọ́?" Lẹ́yìn náà ó fi fọ́tò hàn mí: ilé ìwòsàn àárín ìlú, omi dé orúnkún nọ́ọ̀sì, àwọn aláìsàn lórí tábìlì. Ọdọọdún ni. Tí adágún ò bá sí, ibẹ̀ lomi tún máa lọ.

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ì bá sàn ká ní ó burú.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù

Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Aránṣọ dìde, ó ní àwọn ti wà lẹ́yìn odò kí ètò kankan tó wà. Kọ́mà gbé fọ́ọ̀mù sókè, ó kà á síta, ó tún un kà. Ni mo bá dìde. Mi ò rántí ìgbà tí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé iwájú. Mo ní èmi ni mo kọ ọ́. Mo ní mo rí òrùlé, mi ò sọdá.

Ariwo ta. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Baba Máàpù, máàpù ẹ ti ya!" Kódà àwọn ará ọ́fíìsì wa rẹ́rìn-ín. Tẹ̀lé-Ìlà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, bírò rẹ̀ ló ń wò.

Kọ́mà dúró kí ariwo lọ sílẹ̀. "Ẹ parọ́ nínú ìwé tí ẹ buwọ́ lù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Kí la máa wá fi gbà yín gbọ́ lónìí, tí ẹ ò tiẹ̀ buwọ́ lu nǹkan kan?"

Mo padà lọ jókòó.

Alága ìpàdé ní kí àwọn ará ẹ̀yìn odò mú ìwé wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé èyíkéyìí tí ọjọ́ àtijọ́ bá wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, kò ní.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá fáìlì lọ́wọ́ mi. Ẹnu ọ̀nà ni mo ń jókòó sí báyìí, kí n máa júwe ọ́fíìsì fún àlejò. Kò sí Baba Máàpù mọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ọjọ́ kẹfà tí mo ń lọ sẹ́yìn odò lẹ́yìn iṣẹ́, láti bá wọn wá ìwé. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kí mi, wọn ò sì lé mi. Aránṣọ kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Ó rí ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà nígbà náà, ọjọ́ wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíì mú ìwé ìbí ọmọ wá. Ẹlòmíì, fọ́tò, ọjọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bíríkìlà àgbà kan wà níbẹ̀, Baba Bùlọ́ọ̀kù. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ìdajì ilé ibẹ̀, tirẹ̀ ló sì kọ́kọ́ mọ. Kò ní bébà kankan. "Ìwé kẹ̀? Bùlọ́ọ̀kù ni mò ń tò, mi ò to ìwé."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin

Ìdájọ́ jáde. Wọ́n máa gé adágún kù. Ilé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ní ìwé, wọ́n á dúró, ètò tuntun á kọ wọ́n sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé. Mẹ́rìnlá ò ní. Mẹ́rìnlá máa lọ. Ti Baba Bùlọ́ọ̀kù wà nínú wọn.

Mẹ́rìnlá. Iye tí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ì bá gbà là nìyẹn, ká ní ó ṣì níyì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ní kí wọ́n má fi lẹ́tà pé kó kó jáde rán ẹlòmíì sí Baba Bùlọ́ọ̀kù, èmi ni mo máa mú un lọ. Kò lè kà á, mo kà á fún un. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ìwọ lo dúró lódì kejì lọ́jọ́ òjò yẹn. Agbòjò dúdú. Mo juwọ́ sí ẹ, o ò rí mi."

Mo ní, "Baba, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ níbi ìpàdé?"

"Èmi tí mi ò ní ìwé, ìwọ tó parọ́ sínú ìwé. Àwa méjì la fẹ́ jẹ́rìí ara wa?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ náà, òun ní ẹni yìí ń fẹ́ sọdá. Òun lọ yọ pákó gígùn kan lára èyí tí òun fi ń gun ògiri, òun gbé e rù nínú òjò. Kí òun tó dé etí odò, mo ti lọ. Ó fi pákó náà sílẹ̀ síbẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní bóyá màá padà wá.