Ọjọ́bọ Nìkan La Ń Jáde

Padova, Ítálì

Màmá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀rín ni mò ń rín bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ìgbìmọ̀ kan tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí òṣìṣẹ́ àjèjì ní káwa tá à ń tọ́jú arúgbó wá sọ tẹnu wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹnì kankan ò yọjú. Alága wọn ní, "Ara tù wọ́n nìyẹn."

Zinovia ọ̀rẹ́ mi pè é lórí fóònù: "Ara ta ló tù? Ọjọ́bọ nìkan làwọn ọ̀gá wa ń jẹ́ ká jáde! Ẹ wá bá wa nídìí ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù wa lọ sílé ní Moldova."

Wọ́n wá lóòótọ́, a sì sọ fún wọn pé orí ilẹ̀ la máa ń sùn! Ìmọ̀ràn wọn ti dòfin: olùtọ́jú gbọ́dọ̀ ní yàrá tirẹ̀.

Awakọ̀ ń gbé aṣọ ìbora tó nípọn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi padà bọ̀ sọ́dọ̀ yín. Ẹ fi bo ẹsẹ̀ Bàbá, kẹ́ ẹ bá mi kí wọn. Mo ti ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí.

Profira yín