Fíríìjì Tí Bàbá Olóyè Fi Ta Wá Lọ́rẹ

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́. Ìkòrò.

Láàárọ̀ òní ni mo yọ fíríìjì àlòkù tí Bàbá Olóyè fi ta ilé ìwòsàn wa lọ́rẹ kúrò lára iná. Ó máa ń fa bátìrì sólà gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, fíríìjì kékeré tí a ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ sí á sì kú.

Ọ̀sán ni bàbá dé. Wọ́n fọwọ́ kan fíríìjì wọn, kò tutù.

“Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ̀bùn mi kò tẹ́ ọ lọ́rùn ni?”

“Ẹ má bínú, bàbá. Iná tó ń jẹ ti pọ̀ jù. Kékeré yìí nìkan ni sólà wa lè gbé.”

“Orúkọ mi wà lára rẹ̀. Tàn án.”

Inú ilé wọn ni mo ń gbé. Àwọn náà ló fún wa nílẹ̀ tí a kọ́ ilé ìwòsàn sí. Mo tàn án.

Bí mo bá tún yọ ọ́... Rárá. Wọ́n ní àwọn á máa yà wò ó.

Mo kó gbogbo abẹ́rẹ́ sínú kúlà, mo gun ọ̀kadà lọ fi wọ́n pamọ́ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìjerò. Ọ̀la ni àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́. Omi tútù inú fíríìjì bàbá nìkan ni màá ní fún wọn.