Páálí Tó Jẹ́ Kí Màámi Rí Ẹnu Yín

                                        Yàrá Ìránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Epo.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Màámi ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n sì ti bá mi jà lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, ẹ mọ̀ pé ara wọn le nìyẹn.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí etí Màámi ti di, ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ ohun tó ń wí. Tẹ́ ẹ bá pè wá, tí àwòrán yín bá ti gan lójú fóònù, tí ẹnu yín padé, wọ́n á ní ẹ ò fẹ́ dá àwọn lóhùn ni. Mo ṣàlàyé títí pé íńtánẹ́ẹ̀tì ni kò lágbára. Wọ́n ní íńtánẹ́ẹ̀tì kọ́ ni ọmọ àwọn. Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé fóònù fún mi láàárín ọ̀rọ̀, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì sunkún. Ó dùn mí wọra.

Ni mo bá dìde sí i. Mo wá àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì títí, àfi bí mo ṣe bá a nílẹ̀ lẹ́yìn fìríìjì. Màámi ti da abọ́ irin bò ó, wọ́n ní kí eruku má bàa kàn án. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri yàrá Màámi ṣì ń dí i lọ́wọ́.

Oníbàárà mi kan tó ń tún fóònù ṣe ló ní kí n lẹ bébà dídán tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ mọ́ páálí, kí n tẹ̀ ẹ́ bí ọrùn ẹ̀wù, kí n gbé e ti àpótí náà, pé á máa darí íńtánẹ́ẹ̀tì síbi tí a bá fẹ́. Mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́, mo tiẹ̀ rán etí ẹ̀, iṣẹ́ aránṣọ ò kúkú ṣeé fi pamọ́. Àṣé ọ̀nà yàrá Màámi gan-an ni mo gbé e dí. Onígbàjámọ̀ ilé kejì, tí a jọ ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, ló wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

"Aránṣọ, ọwọ́ ẹ mà dáa o. Láti àná ni tèmi ti ń sáré."

Ojú tì mí. Mo yí páálí náà padà, mi ò sọ fún un.

Bí ojú yín ṣe mọ́ kedere lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn. Màámi ń rí gbogbo ọ̀rọ̀ yín, wọ́n ń fèsì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà lẹ yíjú sí ọkọ yín, tẹ́ ẹ rọra bá wọn sọ̀rọ̀. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Màámi rí i lẹ́nu yín. Wọ́n ní ẹ sọ pé kí ọkọ yín má jẹ́ kí Màámi mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Aṣọ iṣẹ́ sì wà lọ́rùn yín bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Àánú yín ṣe mí. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ fún mi pé ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, kí ló wá dé? Mo fẹ́ pè yín lọ́jọ́ náà, Màámi ò gbà. Wọ́n ní ẹ máa sẹ́ lórí fóònù, àmọ́ tó bá jẹ́ lẹ́tà, kò síbi tẹ́ ẹ máa yíjú sí.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ ní mo ní kí wọ́n má gbé nǹkan wúwo. Onígbàjámọ̀ náà ní ká kí yín. Màámi ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tiwọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́:

"Sọ fún un, tó bá tún fẹ́ pè mí, kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kó wọ èyí tó tù ú lára. Òun ni mo bí, mi ò bí aṣọ iṣẹ́."

Èmi àbúrò tó fẹ́ràn yín,
Abẹ́rẹ́.